Bíbélì àtijọ́ fún etí, ti òde-òní fún ojú: àyẹ̀wò ẹ̀dà Yorùbá méjì fún ẹni tó fẹ́ mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń kà

Tí wọ́n bá ké "Ààlọ́ o!", tí àwọn ọmọdé sì dáhùn "Ààlọ̀!", kò sẹ́ni tó máa béèrè ọdún tí Ìjàpá lọ sílé àna rẹ̀. Tí a bá gbọ́ ẹkún ìyàwó láti ilé kejì, a kò ní sáré lọ pe ọlọ́pàá. Ohùn, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ló ń ta etí lólobó irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Ìwé títẹ̀ kò ní ohùn. Ìlà, ìpínrọ̀, àlàfo àti àkọlé ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe. Tí wọn ò bá ṣe é, òǹkàwé á máa ka orin bí ẹni ka ìwé ìròyìn, á sì máa ka lẹ́tà bí ẹni pa òwe.

Ohun kan ṣoṣo tí àyẹ̀wò yìí wò nìyẹn. A kò wádìí èyí tó sún mọ́ èdè Hébérù jù, a kò sì dá sí ìjà ìjọ. Ìbéèrè wa ni pé: tí ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá bá kúrò nínú ìtàn bọ́ sínú orin, tàbí tó kúrò nínú orin bọ́ sínú lẹ́tà, ṣé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa jẹ́ kó mọ̀?

Ẹ̀dà méjì la gbé kalẹ̀. Èkíní ni Bíbélì Mímọ́ tí gbogbo ilé mọ̀, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì jáde ní 1884, wọ́n sì tún un ṣe ní 1900. Èkejì ni Bíbélì Mímọ́ ní Èdè Yorùbá Òde-Òní tí Biblica, àjọ atúmọ̀ Bíbélì, gbé jáde, tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ gbé ọdún 2009 àti 2017. Àwọn méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú áàpù YouVersion. Ẹ̀kẹta náà wà níbẹ̀, ti Bible Society of Nigeria, tó ń lo èdè ojoojúmọ́ ("n kò" dípò "èmi kò"). Ìyẹn dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá kà, ṣùgbọ́n a kò ní dúró lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àléébù ẹ̀dà àtijọ́ ti hàn jù. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ìpínrọ̀, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Nọ́ńbà, gbólóhùn, ìlà tuntun; nọ́ńbà, gbólóhùn, ìlà tuntun. Crowther kọ́ ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Stephen Langton, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sọ pé ó pín Bíbélì sí orí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Robert Estienne, atẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi nọ́ńbà ẹsẹ sí Májẹ̀mú Tuntun ní 1551. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní Geneva ní 1560 tẹ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bí ìpínrọ̀, ti Ọba James ní 1611 sì tẹ̀lé e. Ọ̀nà yẹn ni tiwa náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹni tó bá fẹ́ wá ẹsẹ kàn lójú agbo máa gbádùn rẹ̀: "Ẹ ṣí i sí Jòhánù mẹ́ta, ẹsẹ kẹrìndínlógún," ojú ti bà lé e. Ohun tó ń bà jẹ́ ni pé ó sọ gbogbo Bíbélì di ìwé òwe. Ìwé Òwe orí 10 sí 29 nìkan ni irú ìtẹ̀wé yìí bá mu gan-an, torí pé níbẹ̀, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró lóòótọ́. Tí wọ́n bá wá tẹ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ìtàn Rúùtù àti igbe Jóòbù bákan náà, ojú á kọ́ ọkàn pé bí òwe ni wọ́n ṣe ń lò ó: ẹ já ọ̀kan, ẹ fi kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìkà tí à ń gbọ́ lórí pẹpẹ ló ti ibẹ̀ wá, kì í ṣe pé àwọn tó ń wàásù kò gbàdúrà tó.

Ẹ wo Jóòbù. Orí 1 àti 2 jẹ́ ìtàn lọ́rọ̀ geere. Láti orí 3 dé 42 ẹsẹ 6, ewì ni, ìjiyàn láàárín Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Ọlọ́run. Láti 42 ẹsẹ 7 dé 17, ìtàn tún padà. Àwọn ọ̀rẹ́ yẹn sọ ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀. "Bí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ tilẹ̀ kéré, ìgbẹ̀yìn rẹ yóò pọ̀ sí i gidigidi": orí 8 ẹsẹ 7 nìyẹn, Bílídádì ló sọ ọ́. Kò sí ìṣílé ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í ti kà á. Ẹsẹ tí wọ́n fi ń pàṣẹ nínú àdúrà alẹ́, pé ohun tí o bá gbìmọ̀ yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọ, orí 22 ẹsẹ 28 ni, Élífásì ló ni ín, ní àárín ọ̀rọ̀ tó fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tí Jóòbù kò dá sí i lọ́rùn. Ní 42 ẹsẹ 7, Ọlọ́run bínú sí Élífásì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun. Ìyẹn kò sọ gbogbo ohun tó ti ẹnu wọn jáde di irọ́. Ohun tó ń sọ ni pé nínú ìwé ìjiyàn, a gbọ́dọ̀ béèrè ta ló ń sọ̀rọ̀ kí a tó sọ gbólóhùn kan di ìlérí.

Ẹ̀dà àtijọ́ kò tan wá jẹ níbẹ̀ o. Ẹsẹ 1 nínú orí 8 sọ kedere pé Bílídádì ló dáhùn. Ṣùgbọ́n tí ìtẹ̀wé bá ti gé ẹsẹ 7 kúrò lára ẹsẹ 1, ta ló máa yíjú wòkè? Ẹ̀dà Òde-Òní fi àkọlé sí orí ọ̀rọ̀ olúkúlùkù, ó sì tẹ ewì rẹ̀ ní ìlà kúkúrú tó yàtọ̀ sí ìtàn orí 1 àti 2. Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ kan, ojú yín ti rí i pé ilẹ̀ ti yí padà. Níbí, tọwọ́tẹsẹ̀ la fi gbé àmì-ẹ̀yẹ fún un.

Ibi tí a ti dán wọn wò jù ni Àwọn Onídàájọ́ orí 4 àti 5, torí pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni wọ́n sọ ní irú ọ̀rọ̀ méjì. Orí 4 ń ròyìn: Sísérà, ọ̀gá ogun àwọn ọ̀tá Ísírẹ́lì, sá kúrò lójú ogun, ó béèrè omi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jáẹ́lì ṣí ìgò awọ, ó fún un ní wàrà, ó bò ó láṣọ, nígbà tó sùn lọ fọnfọn, ó kan èèkàn àgọ́ mọ́ ọn lẹ́bàátí. Orí 5 ń kọrin. Nínú orin, àwo àwọn ọlọ́lá ni wàrà ti wá, Sísérà sì wólẹ̀, ó ṣubú, ó dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Orin tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́. Ẹni tó ka méjèèjì bí ìròyìn á ní wọ́n ta kora: ṣé ó ń sùn ni àbí ó dúró? Ẹni tó bá mọ oríkì kò ní béèrè. Akígbe tó ní ọba wa fi ojú kan lé ọ̀tá wọ odò kò purọ́, kò sì ròyìn. Ṣíṣubú léraléra nínú orin yẹn, ìlù ni. Ó ń mú kí ọ̀gá ogun tó ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ ogun máa ṣubú lójú wa títí orin fi tán.

Ẹ̀dà àtijọ́ tẹ orí méjèèjì bákan náà, a kò lè fojú yà wọ́n. Àmọ́ ẹ kà á sókè. Ọ̀rọ̀ orin náà tò, ó ń bọ́ lẹ́nu ní ìdákọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, etí sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a kò sí nínú ìròyìn mọ́. Òde-Òní fi ìlà hàn wá pé orin ni, ṣùgbọ́n níbòmíràn àwọn ìlà náà gùn ju bí èémí ènìyàn ti lè gbé lọ. Ojú ríran, etí kò jó.

Ìyàtọ̀ yìí ni a ń bá pàdé káàkiri. Àwọn tó ṣe ẹ̀dà àtijọ́ kò ní ìlà tàbí àkọlé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pa àwọn ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí alálọ̀ọ́ ṣe ń pa "Ààlọ́ o" mọ́. Rúùtù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "O si ṣe". Gbólóhùn yẹn, tó kún inú ìwé ìtàn àtijọ́ títí ó fi ń sú ni, àmì ni: ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun ti dé nínú rẹ̀. Òde-Òní sábà máa ń yọ ọ́ kúrò kí gbólóhùn lè mọ́. Ní Rúùtù 1 ẹsẹ 1, ó kàn wọlé tààrà sí ìgbà tí àwọn onídàájọ́ ń ṣe àkóso. Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìtàn ti yọ kúrò lára férémù.

Orúkọ ìwé náà ńkọ́? Níbí, àtijọ́ ló borí. Ó pe Sáàmù ní "Orin Dáfídì". Àbùkù wà nínú orúkọ náà: nínú 150 orin, 73 péré ni àkọlé Hébérù fi Dáfídì sí, Ásáfù ní 12, àkọlé Sáàmù 90 sì dárúkọ Mósè. Síbẹ̀ "Orin" ti sọ irú ọ̀rọ̀ fún òǹkàwé láti ẹ̀yìn ìwé. "Saamu" tí Òde-Òní lò kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Ẹkún Jeremáyà" tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹkún ìyàwó mọ̀ pé ẹkún lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó ní ìlànà, kì í ṣe omijé lásán. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé náà rí: orí márùn-ún, orí 1, 2, 4 àti 5 ní ẹsẹ 22 lọ́kọ̀ọ̀kan, orí 3 ní 66. Lẹ́tà 22 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù, orí mẹ́rin àkọ́kọ́ sì tẹ̀lé wọn léraléra. Orí 5 pa iye ẹsẹ náà mọ́ ṣùgbọ́n ó já okùn lẹ́tà náà sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dà Yorùbá tó lè gbé ọ̀nà ọgbọ́n yìí wá sí èdè wa, a kò sì fi ìyẹn dá wọn lẹ́bi.

Ní ti ewì gan-an, ọgbọ́n tó ṣe pàtàkì jù nínú ewì Hébérù ni ìlà méjì tó ń gbe ara wọn: èkíní sọ̀rọ̀, èkejì tún un sọ lọ́nà míì, tàbí ó fi kún un, tàbí ó takò ó. "Awọn ọrun nsọ̀rọ ogo Ọlọrun; ati ofurufu nfi iṣẹ ọwọ rẹ̀ hàn." Bí ẹ bá ń lo ẹ̀dà àtijọ́, ẹ wo àmì ìdádúró tó wà láàárín ẹsẹ, ìyẹn àmì tó dàbí kọ́mà tó ní àmì ìdánudúró lórí, tàbí àmì olójú méjì. Nínú Orin Dáfídì àti Òwe, ibẹ̀ ni ìlà kìn-ín-ní sábà máa ń parí sí. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà díẹ̀ síbẹ̀, ewì tó fara pa mọ́ á jáde. Ẹ má ṣe lò ó fún ìwé ìtàn o, torí àmì kan náà kún inú àwọn yẹn, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò mọ ìlà méjì yìí ni pé á máa wá ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ fún "ọ̀run", ọ̀tọ̀ fún "òfuurufú", á sì fi wákàtí kan wàásù lórí ìyàtọ̀ tí akọrin kò rò.

Ibi tí a ti gbé ọwọ́ fún ẹ̀dà àtijọ́ láìjiyàn ni ìró ọ̀rọ̀. "O mu mi lọ si iha omi didakẹ rọ́rọ́." Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tó tó "rọ́rọ́" yẹn. Òde-Òní náà mọ iyì rẹ̀, kò fi ọwọ́ kàn án.

Sáàmù ìbànújẹ́ ni àwọn òǹkàwé wa ń ṣì lò jù. Sáàmù 13 ni kí ẹ fi kọ́ ara yín, ẹsẹ mẹ́fà péré. Ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn, ìbéèrè "yóò ti pẹ́ tó" jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin; 3 àti 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀; 5 àti 6 jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin. Ègé mẹ́ta yìí ni ẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sáàmù 88 kò dé ègé kẹta, inú òkùnkùn ló parí sí. Òde-Òní fi àlàfo sí àárín ègé kan àti èkejì, iṣẹ́ ti fúyẹ́. Nínú àtijọ́, ẹ̀yin ni ẹ máa wá wọn.

Sáàmù 35 àti 109 ńkọ́, tí wọ́n ń kà lé omi lórí tàbí sídìí àbẹ́là? Àṣà àwọn ìjọ Aládùúrà láti lo Sáàmù fún ìdí kan pàtó ti pẹ́, a sì mọ ibi tó ti wá: etí Yorùbá tó mọ ọfọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ líle, ó sì fi sí àpò ọfọ̀. Ìgbàgbọ́ kọ́ la ń yẹ̀ wò, irú ọ̀rọ̀ ni. Ọfọ̀ ń pàṣẹ fún nǹkan, agbára rẹ̀ wà nínú pípè é bó ṣe yẹ. Sáàmù 109 kò pàṣẹ fún nǹkan kan; ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn ló gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, tó tú gbogbo ìbínú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Adájọ́, tó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan míì tún wà. Hébérù àtijọ́ kò ní àmì àyọlò, nítorí náà àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ègún ẹsẹ 6 sí 19 jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá ń sọ sí akọrin, tó ń ròyìn fún Ọlọ́run. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀tá là ń fi gbàdúrà. Kò sí èyí tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹ̀dà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀dà méjèèjì jọ pín ẹ̀bi rẹ̀: "òwe". Wọ́n lò ó fún gbólóhùn ọgbọ́n Sólómọ́nì, wọ́n tún lò ó fún ìtàn afúnrúgbìn àti ọmọ onínàákúnàá tí Jésù sọ. Kì í ṣe àìbìkítà. Ọ̀rọ̀ Hébérù náà, mashal, gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, òwe kì í gùn tó ẹsẹ méjìlélógún, kò sì ní ọmọ àbúrò, ẹ̀gbọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù àbọ́pa. Ohun tí Jésù sọ nínú Lúùkù 15 sún mọ́ àlọ́ àpagbè tàbí ìtàn tí àgbà fi ń làjà. Ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ibi kan tó ti ń bu ni jẹ, ibẹ̀ ni ká wá. Tí ẹ bá bá "òwe" pàdé nínú Ìhìnrere, ẹ máa béèrè: ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, kí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wí? Nínú Lúùkù 15, ẹsẹ 1 àti 2 ti dáhùn: àwọn Farisí ń kùn pé ó ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n tó dúró síta ni ìtàn náà ń fi ojú wá. Ẹni tó ń wá ìtumọ̀ òrùka, bàtà àti ẹlẹ́dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti kọjá ibẹ̀.

Òwe gidi rọrùn fún wa ju fún òyìnbó lọ, a sì gbàgbé. Òwe 26 ẹsẹ 4 ní ká má dá òmùgọ̀ lóhùn. Ẹsẹ 5 ní ká dá a lóhùn. Ó yà àwọn kan lẹ́nu. Àwa tí à ń sọ pé "bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́", tí a tún ń sọ pé "ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́", a mọ̀ pé àkókò ló ń yan òwe. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Tọ́ ọmọde li ọ̀na ti yio tọ̀" jẹ́ ìmọ̀ràn nípa bí ayé ṣe sábà ń rí. Kì í ṣe ìwé àdéhùn tí òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣìnà lè fi pe Ọlọ́run lẹ́jọ́, kì í sì í ṣe pàṣán tí ìjọ lè fi na òbí náà.

Lẹ́tà ni ìtẹ̀wé àtijọ́ ṣe léṣe jù. Fílípì 4 ẹsẹ 13 dá dúró gedegbe, ó sì ti di ọ̀rọ̀ ìgbara-ẹni-níyànjú fún ìdánwò àti bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣí i nínú Òde-Òní: inú ìpínrọ̀ kan ló wà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń dúpẹ́ owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, tó sì ń sọ ní ẹsẹ 12 pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń yó àti bí a ṣe ń pa ebi mọ́nú. "Ohun gbogbo" tó lè ṣe, ebi wà nínú rẹ̀. Jeremáyà 29 ẹsẹ 11 náà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ 1 sọ pé ìwé tí wòlíì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nígbèkùn ní Bábílónì ni. Ẹsẹ 5 ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà. Ẹsẹ 10 sọ pé àádọ́rin ọdún ni. Ní orí tó ṣáájú, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti ṣèlérí pé ọdún méjì péré ni, Jeremáyà sì sọ fún un pé Ọlọ́run kò rán an. Ẹni tó ń fi ẹsẹ 11 retí àbáyọ kí oṣù tó parí ti bọ́ sẹ́yìn Hananáyà láìmọ̀.

Ìfihàn kò gbà wá lákòókò púpọ̀, torí pé kò sí èyí tó ràn wá lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Lẹ́tà ni sí ìjọ méje ní Éṣíà (1 ẹsẹ 4), àsọtẹ́lẹ̀ ni (1 ẹsẹ 3), ìran alámì sì ni. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni àrokò: ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mọ ohun tí ìyẹ́ àti owó ẹyọ túmọ̀ sí, ẹni tó kàn ń kọjá lọ kò mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìwé náà ti túmọ̀ ara rẹ̀, bí 1 ẹsẹ 20 àti 12 ẹsẹ 9, kí ẹ tó gba ìtumọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àkọlé inú Òde-Òní ní ewu tirẹ̀. Àwọn olóòtú ló kọ wọ́n, wọn kì í ṣe ara Ìwé Mímọ́. Tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ sí ibi tí kò yẹ, tàbí tí àkọlé bá ti sọ ẹ̀kọ́ ìtàn kí ìtàn tó sọ ọ́, òǹkàwé á ti gba ìdáhùn kó tó rí ìbéèrè. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ọwọ́ bo àkọlé.

Lórí fóònù, ẹ tẹ ẹsẹ kan nínú YouVersion, ẹ yan "Compare", kí ẹ sì gbé ẹ̀dà méjèèjì sí ara wọn. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ló ń fi wéra, nítorí náà ó tún dá àìsàn ìgé-ẹsẹ náà padà. Fún odindi orí, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀dà láti òkè ojú ìwé. Lójú fóònù tóóró, ìlà ewì Yorùbá tó gùn máa ń ṣẹ́, a kò ní mọ ìlà tó jẹ́ ti akọrin àti èyí tí fóònù ṣẹ́. Ẹ dín ìwọ̀n lẹ́tà kù, tàbí kí ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀. Tí ẹ bá da ewì kọ sí WhatsApp, àwọn ìlà sábà máa ń já pọ̀ di ọ̀rọ̀ geere. Ẹ fi ọwọ́ pín wọn kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lè fò kúrò nípò lórí fóònù àtijọ́.

Àkọtọ́ ẹ̀dà àtijọ́ yóò dá ọ̀dọ́ dúró: "aiye", "nwọn", "enia", "nyin", pẹ̀lú àmì ohùn tí kò pé. Àgbà tó gbọ́ ọ láti kékeré á kà á geere. Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston á máa kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà, ẹni tó ń kọsẹ̀ kò sì lè gbọ́ orin. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Òde-Òní ni kí ẹ rà fún un.

Ní ilé ìtàwé, ẹ má ṣe wo awọ ìwé àti síìpù nìkan. Ẹ ṣí Àwọn Onídàájọ́ 5, Sáàmù 13, Jóòbù 3 àti Fílípì 4. Tí orin àti lẹ́tà bá rí bákan náà, ẹ mọ̀ pé ìwé kíkà sókè lẹ ń rà. Ìyẹn dára fún pẹpẹ, fún àdúrà ilé àti fún kíkọ́ sórí, a kò sì tíì rí èyí tó borí rẹ̀ níbẹ̀. Fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ ra Òde-Òní. Ẹni tó lágbára méjèèjì, kó fi pẹ́ńsù kọ irú ọ̀rọ̀ sókè orí kọ̀ọ̀kan nínú àtijọ́: "orin", "ìròyìn", "lẹ́tà", "ìjiyàn, ta ló ń sọ̀rọ̀?" Kó má lo báírò, bébà Bíbélì fẹ́lẹ́, yíǹkì á yọ sí ẹ̀yìn.